Kí ẹ tó fọ́ àjà ilé àtijọ́: ọ̀rọ̀ nípa àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì fún ẹ̀yin ènìyàn wa ní Ìlú Bìní

Bí òjò bá ti ń lọ sópin ní Ìlú Bìní, ọ̀rọ̀ òrùlé àti àjà kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn wa. Páànù ti dípẹtà, omi ti jò wọlé, àjà yàrá ti ní àmì bí ìgbà tí èèyàn da tíì sí i lára, igun kan ti wọ́, òmíràn ti já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ pe onílé. Onílé ní kí ẹ tún un ṣe, pé ẹ óò yọ owó rẹ̀ nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀. Ẹ pe káfíńtà. Káfíńtà dé pẹ̀lú òòlù kan àti ọmọṣẹ́ méjì, kó sì tó di ọ̀sán gbogbo rẹ̀ ti wálẹ̀. Eruku bo ilé. Ìyá ilé mú ìgbálẹ̀, ó gbá a jáde. Àwọn ọmọ ń kó àfọ́kù rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n fi ń ṣeré.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn, nínú eruku yẹn. Ìdí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, kì í ṣe pé a fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni bí ilé ṣe ń lẹ́wà.

Àwa náà ti ṣe é rí. Nígbà tí a gba ṣọ́ọ̀bù tí yàrá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, àjà iwájú ti bàjẹ́, a sì ní kí wọ́n yọ ọ́. Àwa fúnra wa la di àkàsọ̀ mú. Ẹrù aṣọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù, a kò kó o jáde, nítorí ojú ọjà kò láàbò. Eruku náà bọ́ sórí gbogbo aṣọ. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, a kó aṣọ bọ́ síta, a ń gbọ̀n ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, àwọn aládùúgbò ń kọjá. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ohun tí a ń ṣe kò dára. Lẹ́yìn ìgbà náà ni a sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní London, lórí fóònù, bí ẹni ń sọ ìtàn lásán. Ó dákẹ́ títí. Ó wá béèrè pé, "Ta ló gbá eruku yẹn?" Ó ní níbi iṣẹ́ tòun, ilé tí wọ́n bá ti kọ́ ṣáájú ọdún 2000, wọn kì í fọwọ́ kan àjà rẹ̀ títí wọn yóò fi mú díẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Ohun tó wà nínú irú àjà bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì. Òkúta ni, wọ́n ń wà á nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bí òkúta yòókù. Bí ẹ bá fọ́ ọ, ó máa ń ya sí fọ́nrán fọ́nrán bí òwú. Kì í jó, kì í jẹrà, ikán kò lè jẹ ẹ́, ooru kì í sì í tètè kọjá lára rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí gbogbo ayé fẹ́ràn rẹ̀ nígbà kan. Wọ́n á pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ fún àjà, tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wavú wavú fún òrùlé. Nínú irú abala bẹ́ẹ̀, sìmẹ́ǹtì ló pọ̀ jù; fọ́nrán náà sábà máa ń jẹ́ bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Díẹ̀ yẹn tó o.

Kí ó tó dé, a ti ní àjà tiwa. Àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́, ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Bìní níbí, igi ni wọ́n ń tò sókè, wọ́n á wá da amọ̀ lé e kí iná orí òrùlé má baà ráyè wọ inú yàrá. Àwọn mìíràn ń ta ẹní sókè. Lẹ́yìn náà ni ilé páànù gbòde, ooru páànù sì ń pa èèyàn, ni gbogbo ènìyàn bá ń wá àjà tí wọ́n ń kàn mọ́ igi. Ilé-iṣẹ́ Nigerite bẹ̀rẹ̀ ní Ìkẹjà ní òpin àwọn ọdún 1950. Èkejì wà ní Emene lẹ́bàá Enugu, tí a mọ̀ sí Emenite lónìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ti fi àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì sílẹ̀ tipẹ́, fọ́nrán mìíràn ni wọ́n ń lò báyìí. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti tà sẹ́yìn ṣì wà lórí wa.

Ẹ wo ìgbà tí ó bọ́ sí. Ọdún 1963 ni wọ́n dá Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, Ìlú Bìní sì di olú-ìlú rẹ̀. Ọdún 1970 ni yunifásítì bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1976 ni ìpínlẹ̀ náà di Bendel, owó epo sì wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ilé ń jáde bí olú lójú ọ̀nà Sapele, ní Ugbowo, ní Uselu, lójú ọ̀nà Siluko àti Ekenwan. Àwọn ilé ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé báyìí, nítorí owó ilé wọn kò ga tó ti ilé tuntun, yàrá wọn sì fẹ̀. A kò sọ pé gbogbo wọn ló ní àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì. Ohun tí à ń sọ ni pé, ilé tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1960 sí bí ọdún 1995, tí kò tíì pààrọ̀ àjà rí, ẹ gbà pé ó ní in títí ẹ óò fi mọ̀ pé kò ní in.

Ọ̀rọ̀ ewu rẹ̀ kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pariwo. Obìnrin kan wà ní Rochdale ní Ìlú Ọba, Nellie Kershaw lorúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Turner Brothers ló ti ń ran fọ́nrán àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì. Ó kú ní ọdún 1924, ẹni ọdún 33 ni. Dókítà tó yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò rí eruku náà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn. Ilé-iṣẹ́ Turner yìí kan náà ni wọ́n dá ti Emene sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti mọ̀, kí wọ́n tó gbé e wá bá wa.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí wọ́n bá fọ́ abala náà, tí wọ́n rẹ́ ẹ, tí wọ́n lu ihò sí i tàbí tí wọ́n ha á, fọ́nrán tó kéré débi pé ojú kò lè rí i yóò tú sínú afẹ́fẹ́. Ó lè wà lókè fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó balẹ̀. Bí a bá mí i sínú, yóò lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ara kò lè yọ́ ọ, kò sì lè tì í jáde. Ọdún 10, 20, 40 lè kọjá, nǹkan kan kò ní ṣe onítọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni èémí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í há, ẹ̀dọ̀fóró yóò gan. Ó lè di àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ó sì lè di èyí tó ń mú awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, tí àwọn dókítà ń pè ní mesothelioma, èyí tí ìwòsàn rẹ̀ ṣòro gidigidi. Ẹni tó bá ń mu sìgá tó sì ń fa eruku yìí símú, ewu tirẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì lásán, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo oríṣi rẹ̀, funfun, búráùn àti búlúù, ló ń fa jẹjẹrẹ. Ìlú Ọba fòfin de èyí tó kù nínú rẹ̀ ní ọdún 1999, Gúúsù Áfíríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008, Amẹ́ríkà náà sì de èyí tí wọ́n ṣì ń lò ní oṣù kẹta ọdún 2024.

Ẹ má sá jáde nínú ilé yín nítorí èyí. Abala tí kò là, tí kò fọ́, tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì gbá a mú, kì í tú nǹkan kan dà sílẹ̀. Ẹ lè sùn lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó sì ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí láìmọ̀, bí irú àwa yìí, ewu tirẹ̀ kéré, nítorí bí eruku bá ṣe pọ̀ tó, tí ó sì pẹ́ tó, ni ewu ṣe ń pọ̀ sí i. Ta ló wá wà nínú ewu jù? Káfíńtà ni, àti ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ayálégbé fa eruku náà símú ní ọjọ́ kan. Káfíńtà ń fà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti ọmọ ọdún 16. Nínú àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Bìní, ọmọ ilé wa wà níbẹ̀, láti Ọ̀ṣun, láti Èkìtì, láti Ọ̀wọ̀. Ìgbà tí ikọ́ náà bá dé ní ọgbọ̀n ọdún sí i, wọn yóò ní ayé ló ṣe é.

Báwo lẹ ṣe lè dá a mọ̀? Ojú lásán kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àmì wà. Ó sábà máa ń wà ní abala onígun mẹ́rin, 4 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti ní gígùn, tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ibi tí méjì ti pàdé. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí eérú. Bí ẹ bá fi ìka kàn án, ó le, ó ń dún kó-kó bí àwo sìmẹ́ǹtì. Ibi tó bá ti fọ́ máa ń ní irun wẹ́wẹ́ létí. Àjà tó rọ̀ bí páálí, tí omi ń mu tí ó ń wú, tí iná sì lè jó, kì í ṣe àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì. Èyí tó ń dàmú èèyàn ni pé abala tuntun tí kò ní in nínú jọ ọ́ gan-an. Nítorí náà, ọjọ́ orí ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Àwọn àgbà àdúgbò á mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ.

Àwọn kan nínú abala àtijọ́ yìí ní òdòdó tàbí ihò kéékèèké lójú, òmíràn sì wà tí wọ́n fi ọ̀dà oníyanrìn kùn kó lè rí ṣáki-ṣàki. Ojú tó rí bẹ́ẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí oníṣẹ́ sọ pé kí òun kọ́kọ́ fi páńdà ha á kó lè dán kí òun tó kun ọ̀dà tuntun. Ẹ má gbà. Fífi nǹkan ha á ní gbígbẹ burú ju kí wọ́n yọ ọ́ lódindi lọ. (Ọ̀dà àtijọ́ fúnra rẹ̀ lè ní òjé nínú, ìyẹn sì tún jẹ́ májèlé fún ọmọdé.) Fún àwọn mọ̀lẹ́bí wa lókè òkun: àjà ṣáki-ṣàki tí wọ́n ń pè ní Artex ní Ìlú Ọba ní àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú títí di àárín àwọn ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àjà oníhóró bíi gúgúrú ní Amẹ́ríkà, tí ìjọba wọn fi òfin de fífọ́n irú rẹ̀ sára ilé ní ọdún 1978.

Ó dáa, kí ni ká wá ṣe? Bí àjà náà bá ṣì gbó, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jùlọ ní ayé, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ tún páànù ṣe, nítorí omi tó ń jò ló ń ba àjà jẹ́, bí ẹ bá pààrọ̀ àjà tí ẹ kò tún òrùlé ṣe, owó òfo ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kun ún ní ọ̀dà ìpele méjì. Bí ojú rẹ̀ kò bá wù yín rárá, ẹ lè fi PVC ṣe àjà tuntun sí abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí káfíńtà kan igi rẹ̀ mọ́ ara ògiri, kí ó má kan ìṣó kankan gba inú èyí àtijọ́ kọjá.

Àwọn iṣẹ́ kéékèèké ni a kì í kà sí. Oníná wá so fáànù, ó gbé ẹ̀rọ tí ń lu ihò, eruku ń bọ́ sí i lójú. Wọ́n gùn wọ inú àjà lọ lé àdán tàbí eku, wọ́n tẹ abala kan, ó fọ́. Bí ihò bá di dandan, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n da omi ọṣẹ sí ojú ibẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan olówọ́ lu ú díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa fi aṣọ tútù gba eruku rẹ̀. Fáànù tí ẹ lè gbé sílẹ̀ tún wà lọ́jà.

Bí ó bá ti fọ́ kọjá àtúnṣe, yíyọ ló kù. Ẹ kó gbogbo nǹkan jáde nínú yàrá, ẹrù ọjà pàápàá, ẹ má ṣe bíi tiwa. Ẹ kó àwọn ọmọ àti aboyún kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Ẹ pa iná BEDC láti mítà, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà pẹ̀lú, nítorí wáyà ń gba orí àjà kọjá, omi ni ẹ sì fẹ́ lò. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sílẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ẹ fi ọ̀rá dí ẹnu ọ̀nà tó wọ inú yàrá mìíràn. Ẹ pa fáànù.

Ìbomú aláwọ̀ búlúù tí gbogbo wa lò nígbà Kòrónà kò lè dá fọ́nrán yìí dúró, àkísà kò sì lè ṣe é. Èyí tí wọ́n kọ FFP3 tàbí P100 sí lára ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun ààbò iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Ẹni tó ní irùngbọ̀n, afẹ́fẹ́ yóò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé fún un. Kó fá a tàbí kó jẹ́ kí ẹlòmíràn gùn ún.

Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ mọ́ omi, ẹ fi ike tí wọ́n fi ń fín oògùn kòkòrò, èyí tí ẹ kò lò fún oògùn rí, fín in sójú àjà títí yóò fi rin. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tó ń fi agbára tú jáde láti ẹnu họ́ọ̀sì. Ẹ yọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ẹ fi ẹ̀mú fa ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni méjì gbá abala náà mú kí wọ́n sì gbé e wálẹ̀ lódindi. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti hàn, ẹ fín omi síbẹ̀ náà. Kò sí òòlù, kò sí ayùn, kò sí "ẹ jẹ́ ká já a lulẹ̀ ká lè tètè ṣe tán." Yàrá kan lè gba odindi ọjọ́ kan báyìí. Káfíńtà yóò bínú. Ẹ bá a dúnàádúrà lórí ọjọ́ kan yẹn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, torí òun ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ má gbálẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, ògiri àti wíńdò, ẹ da aṣọ náà mọ́ pàǹtí. Kí àwọn tó ṣiṣẹ́ bọ́ aṣọ wọn síbẹ̀, kí wọ́n wẹ̀. Ẹ má gbọn aṣọ iṣẹ́ náà, ẹ má sì fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ. Àwọn ìyàwó tó ń fọ aṣọ ọkọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì ní òkè òkun ti tipa bẹ́ẹ̀ kó àrùn yìí.

Ọ̀rọ̀ àfọ́kù ló dùn wá jù láti sọ, nítorí a ń rí i lójoojúmọ́. Wọ́n fi bo kànga. Wọ́n fi ṣe ilé adìyẹ. Wọ́n fi dí afẹ́fẹ́ fún iná ìdáná àkàrà. Wọ́n tún ń dà á sínú yàrà àtijọ́ tó yí ìlú ká, tí àwọn Ẹdó ń pè ní Iya, èyí tí àwọn baba ńlá wọn fi ọwọ́ wà. Àlejò ni wá níbí, kò yẹ kí ìdọ̀tí tiwa wà nínú ohun àjogúnbá onílé. Kí ẹ di abala náà nígbà tó ṣì tutù sínú ọ̀rá méjì, ẹ fi téèpù dì í, ẹ kọ ohun tó jẹ́ sára rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ìdọ̀tí fún ìjọba ìpínlẹ̀ ibi tí wọ́n ti lè gbà á, kí ẹ sọ ohun tó jẹ́ fún wọn, kí ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ má baà tẹ̀ ẹ́ fọ́. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí onílé fàyè gba kí ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ju ìdajì ènìyàn lọ, tó jìnnà sí kànga àti ibi oko, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí.

Ní ti onílé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó ná kọ́bọ̀: pé àjà ti bàjẹ́, iye tí àtúnṣe yóò jẹ, pé yóò yọ kúrò nínú owó ilé, ọjọ́ àti ìfọwọ́sí. Ẹ fi fóònù ya àwòrán àjà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ torí wọ́n lè ní kí á kó jáde, nítorí náà ni a ṣe ń fi owó tiwa fọ́ ọ lóru. Bí ẹ kò bá lè dá a sọ, ẹ mú àgbà kan nínú ẹgbẹ́ dání. Ọ̀pọ̀ onílé níbí kò mọ ohun tó wà lórí ilé wọn, wọ́n sì ní ọmọ tó ń gbé nínú ilé kan náà. Bí ẹ bá sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ tiwọn, wọ́n máa ń gbọ́.

Ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí èémí rẹ̀ ń há tàbí tí ikọ́ rẹ̀ kò lọ, kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kó sì sọ iṣẹ́ tó ti ń ṣe fún dókítà láìdúró kí ó béèrè. Bí kò bá sọ ọ́, wọ́n lè máa wá ikọ́ ẹ̀gbẹ nìkan.

Àjà yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa ṣì wà níbẹ̀. A tún páànù orí rẹ̀ ṣe, a kun ún ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì, fáànù tó ń dúró nílẹ̀ ni a sì ń lò.